Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè

Ràfíátù kò lè pe orúkọ ọkọ rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi sì gbé ọkùnrin náà lọ sí Gabon nígbà tí obìnrin yìí ń wá a kiri Kútọnu.

Ọdún tí Nàìjíríà lé àwọn àlejò ni. Wọ́n ń rọ́ gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn. Àwọn ọkùnrin tí kò sí ẹni tó wá gbà wọ́n ń sùn sí ilé ìkẹ́rù kan létí ibùdókọ̀ ojú omi, ìjọba sì gbé ẹ̀rọ kan sí ọ́fíìsì tó wà níwájú rẹ̀. Àtẹ méjì ni ẹ̀rọ náà ní. Orúkọ àwọn tó dé wà nínú ọ̀kan, orúkọ àwọn tí ará ilé wọn ń wá wà nínú ìkejì. Á mú orúkọ kan nínú èyí, á wá a lọ nínú ìyẹn. Bí ó bá rí irú rẹ̀ gan-an, á tẹ̀ ẹ́ jáde, wọn á sì jẹ́ kí ẹni náà bá ará ilé rẹ̀ lọ. Bí kò bá rí i, á tẹ "rien", ìyẹn ni pé kò sí. Ẹ̀rọ kò mọ bóyá.

Rien ni Ràfíátù ń gbà láràárọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó fi èjìká la èrò kọjá títí ó fi dé iwájú Anselme, akọ̀wé tó jẹ́ ọmọ Àjàṣẹ́.

"Ehuzu, kámárádì," ni Anselme fi kí i, bí ìjọba ṣe ní kí wọ́n máa kí èèyàn, kò gbójú sókè.

"Dandan. Ẹ dákun, ẹ bá mi wo Adúmáadán, ará Pobè."

Ó fa ìwé wò. "Rien. Ìyàwó, ṣé ọkọ rẹ yìí wà láyé báyìí?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan pariwo lẹ́yìn pé, "Bí ọkọ kò bá fẹ́ ẹ mọ́, kó yà fún wa, ká rí tiwa!"

Ràfíátù kò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó tuntun ni nígbà tí ọkùnrin náà lọ ṣe bíríkìlà ní Èkó. Ọkùnrin náà máa ń wúkọ́ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé, kó má bàa dẹ́rù bà á. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá wúkọ́ níta, ọkàn Ràfíátù á dìde. Etí ẹní ló ń sùn sí, á fi àyè tó kù sílẹ̀.

Émilienne, ìyá àgbà tó ń lu ihò sára káàdì tí ẹ̀rọ ń kà, dáwọ́ dúró.

"Ọmọ mi, ta ló sọ ọ́ ní Adúmáadán?"

"Èmi ni."

"Ìwọ?"

"Bí mo ṣe ń pè é nìyẹn, ìyá."

"Orúkọ tó sọ fún wọn ní Sẹ̀mẹ̀ ńkọ́? Èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́?"

Ràfíátù mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nílé wọn ní Pobè, ìyàwó ló ń fún ọkọ rẹ̀ ní orúkọ tí yóò máa fi pè é. Orúkọ àbísọ, ti àwọn tó bí i àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un lọ́jọ́ tó wọlé pé ìyàwó tó bá la orúkọ ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti bọ́ṣọ lára rẹ̀ lọ́jà. Ó la ẹnu. Orúkọ náà dé eyín, ó padà.

"Pè é ká lọ," ni Anselme wí. "Orúkọ lásán ni."

"Sọ ọ́ sí mi létí," ni Émilienne wí.

Ràfíátù mi orí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Cadjèhoun. Òun lè pè é. Mò ń bọ̀."

Ó fi ẹsẹ̀ rìn ín nínú oòrùn. Ọ̀rọ̀ ńláńlá ìjọba wà lára ògiri, pupa fòò. Kò wò ó. Inú rẹ̀ dùn, ó ti mọ ibi tí àṣìṣe wà. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Sàídátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tí Ràfíátù ń sùn lọ́dọ̀ rẹ̀, ń ránṣọ lọ́wọ́.

"Orúkọ wo lo ti ń fún wọn láti ọjọ́ yìí?"

"Adúmáadán."

Sàídátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Jẹ́ kí n kírun àìlà ká máa lọ."

Bó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ọkọ̀ ojú omi fọn fèrè lọ́nà èbúté. Ràfíátù gbọ́ ọ. Ó ń bu omi mu ni.

Nígbà tí wọ́n dé ọ́fíìsì, Sàídátù kò tíì jókòó tó fi pè é: "Tàófíìkì Ọmọ́tọ́ṣọ́." Émilienne lu káàdì. Ẹ̀rọ ké, ó tẹ orúkọ náà jáde lẹ́ẹ̀mejì lórí ìlà kan. Gbogbo ọ́fíìsì hó yèè. Anselme fúnra rẹ̀ sáré lọ sí ilé ìkẹ́rù.

Kò sáré bọ̀.

"Àwọn ará Gabon ló wá kó bíríkìlà. Ọkọ rẹ ti bá wọn wọkọ̀ lọ lọ́sàn-án yìí." Ó nu ojú. "Àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní láràárọ̀ ló ń bi àwọn bóyá ẹnikẹ́ni béèrè òun. Wọ́n ń sọ fún un pé kò sí."

"Láàárọ̀ yìí ńkọ́?" ni Ràfíátù bi í.

"Láàárọ̀ yìí náà."

Ràfíátù wo ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rù. Ẹnì kan wúkọ́ níbẹ̀, ẹni ẹlẹ́ni, ó sì gbọ́ ọ níbi tó dúró sí.

Ọdún kẹrin ni ọkùnrin náà padà sí Pobè, pẹ̀lú obìnrin kan àti ọmọ méjì. Ó ní òun rò pé wọ́n ti gbàgbé òun ni. Ràfíátù ti di ẹrù ara rẹ̀, ó gbé e sí ìta. Ó wá dúró níwájú ọkọ rẹ̀, lójú gbogbo ilé.

"Tàófíìkì," ni ó wí, "káàbọ̀."

Kò sí ẹni tó bá a wí, ìyá ọkọ rẹ̀ pàápàá kò bá a wí.