Kí Ló Ń Mú Ọkọ̀ Dulmaa Gbóná?

"Mo sọ fún ẹ! Ṣé mi ò sọ fún ẹ?"

Damdin ti ń pariwo kí ọkọ̀ tó dúró rárá. Ooru funfun ń tú jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, abẹ́rẹ́ tó ń wọn ìgbóná ẹ́ńjìnnì sì ti wọ ojú pupa. Dulmaa yà sẹ́bàá ọ̀nà níbi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀, ó sì pa ọkọ̀.

"Ìyàwó, ìlérí rẹ ńkọ́?" Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni Damdin, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́ láàárọ̀ yìí lójú Màmá. O ní tó bá tún gbóná lẹ́ẹ̀kan péré, kí Yondon ọ̀rẹ́ mi máa mú un lọ. Yondon ti ń dúró lójú títì báyìí, nítòsí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ. Ó ti gbé alùpùpù tó fẹ́ fi pààrọ̀ wá."

Lóòótọ́ ló sọ ọ́. Ìbínú ló mú un sọ ọ́. Láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́ ni ọkọ̀ náà ti ń gbóná, Damdin ò sì jẹ́ kó rímú mí. Ó kọ́kọ́ ní torí pé kò fi wàrà wọ́n táyà láti súre fún ọkọ̀ lọ́jọ́ tó rà á ni. Dulmaa gbé wàrà, ó wọ́n ọn. Ó tún ní obìnrin ò mọ jíà í yí. Mẹkáníìkì tó mú wá kò tú nǹkan kan wò, ó kàn mi orí, ó ní ẹ́ńjìnnì ti kú tán. Ọkọ̀ tí Dulmaa fi ọdún mẹ́rin ránṣọ kó tó rà ni wọ́n wá fẹ́ fi alùpùpù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí!

Ta ló máa gbé Nomin ọmọ rẹ̀ sórí alùpùpù nínú òtútù ilẹ̀ yìí? Ọmọ ọdún méje ni. Ilé ẹ̀kọ́ ló ń sùn, ọgọ́rin kìlómítà sí àgọ́ tí ìdílé wọn ń gbé. Látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, Dulmaa lè má fojú kan ọmọ náà fún odindi oṣù kan, àfi tí aládùúgbò kan bá ní àyè nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù kìíní tó ti ra ọkọ̀ tirẹ̀, kò sí ọjọ́ Ẹtì tí kò lọ gbé e wálé. Ọjọ́ Ẹtì sì lòní.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi aṣọ di ọwọ́, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò fọwọ́ kan ìdérí omi. Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn, ṣí fúláàsì, ó bu tíì oníwàrà fún un.

"Mu ún ná, ọmọ mi. Jẹ́ kí nǹkan yẹn tutù."

Nígbà tó tutù, Dulmaa bu omi kún un. Ó yọjú sábẹ́ ọkọ̀, kò rí ibi tó ń jò. Ó ṣíná, fáànù ń yí dáadáa.

"Kí lò ń wá?" Damdin bi í. "O ti di mẹkáníìkì?"

"Ẹ̀gbọ́n, nígbà òtútù, ṣé ọkọ̀ yìí gbóná rí?"

"Rárá. Kí ló kàn án?"

"Tó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ló kú, ṣé oòrùn nìkan ló máa ń mú un rántí pé òun ti kú?"

Màmá rẹ́rìn-ín. Damdin ò rẹ́rìn-ín.

Dulmaa tú gèlè orí rẹ̀, ó nà án síwájú ọkọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ó yẹ kí fáànù fà á mọ́ra. Gèlè náà kàn rọ̀ sílẹ̀ gbọọrọ. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó tú irin iwájú ọkọ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé iwájú rédíétọ̀. Nǹkan rírọ̀ kan wà níbẹ̀. Ó fà á, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, kò tètè tán. Aṣọ nípọn onírun àgùntàn ni, irú èyí tí wọ́n fi ń bo àgọ́, wọ́n fi òwú pupa rán etí rẹ̀ yí ká.

Màmá na ọrùn láti ojú fèrèsé. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn! Damdin, ṣebí ìwọ lo gbà á lọ́wọ́ mi lóṣù kìíní, nígbà tó o yá ọkọ̀ yìí lọ síbi ìgbéyàwó?"

Damdin họ orí. "Òtútù yẹn ti pọ̀ jù, Màmá. Mo fi bo ẹ́ńjìnnì kó má bàa dì ni. Gbogbo ayé ló ń ṣe é."

"Gbogbo ayé sì ń yọ ọ́ tí yìnyín bá yọ́!" Dulmaa ju aṣọ náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ fi aṣọ dí ọkọ̀ mi nímú, ẹ wá ń bú mi pé mi ò mọ ọkọ̀ wà! Ẹ jẹ́ kí n máa da wàrà sórí táyà bí òmùgọ̀!"

"Ṣé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Ẹ̀yin náà ni, ẹ̀gbọ́n."

Dulmaa wo Màmá, bóyá ó máa dá sí i. Màmá kọjú sí òkè, ó ń mu tíì.

Nígbà tí Dulmaa dá irin padà tán, Damdin ti jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó awakọ̀. "Ó dáa, mo gbà pé mo gbàgbé," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìlérí ni ìlérí. O ní tó bá tún gbóná. Ó gbóná, àbí kò gbóná? Yondon ń dúró."

Dulmaa ṣíná ọkọ̀. Wọ́n gun òkè náà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì, abẹ́rẹ́ dúró sáàárín, kò mì.

Wọ́n rí Yondon lókèèrè. Ó dúró ti alùpùpù rẹ̀ létí títì, ó sì na ọwọ́ sókè.

"Dúró," ni Damdin wí. "Dulmaa, mo ní kó o dúró!"

"Damdin, má dí ọmọ mi lọ́wọ́," Màmá sọ láti ẹ̀yìn. "O ò rí i pé ó ń wakọ̀ ni?"

Dulmaa fun fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó tẹrí ba kí Yondon tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kò sì tẹ bíréékì títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́.