Àga Tí Bàbá Aládùúrà Gbé Lọ sí Etí Odò Témùsì

Láti ọjọ́ tí Wúrà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ wọn, ti dákú nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni oorun ti dá lójú Bọ́ládé. Àwọn oníṣẹ́ ámbúláǹsì tètè dé lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé Wúrà lọ sí ọsibítù, ó sì jí. Ṣùgbọ́n Bọ́ládé ló tẹ̀ lé e lọ, òun ló sì wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà béèrè ìdí tí aláìsàn ìtọ̀ ṣúgà fi pa abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì rẹ̀ tì.

Wúrà ní, "Bàbá ti gbàdúrà fún mi."

Bàbá tó ń wí ni Sámúẹ́lì Akínrẹ̀mí, ọkọ Bọ́ládé. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń gbé èrò láti Thames View lọ sí ibùdókọ̀ Barking ní ìlú òyìnbó tí wọ́n ń gbé. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, á wọ sùtánà funfun, á bọ́ bàtà, á sì ṣíwájú àdúrà nínú ìjọ wọn tó wà láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí lẹ́bàá odò. Ará Èkìtì tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ìgbà tó gbàdúrà fún Beatrice, tó ti ń wá ọmọ tipẹ́, tí Beatrice sì bímọ, ni orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Godswill ní ẹ̀yìn tó ń dun òun ti fúyẹ́. Bí àwọn ènìyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti àdúgbò Mayesbrook àti Parsloes nìyẹn, títí kan àwọn tó ń wọkọ̀ wá láti Peckham tó jìnnà. Wọn kò wojú rẹ̀ mọ́ tí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀. Omi tó bá mu kù nínú ife, àwọn kan á dà á sínú ìgò, wọ́n á gbé e lọ sílé.

Ó ti bá wọn sọ ọ́ lórí pẹpẹ títí. "Èmi kọ́ ni mò ń wò yín sàn. Ẹ má pa oògùn yín tì, mo bẹ̀ yín." Wọ́n á ní, "Halelúyà! Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀!"

Nígbà tí Wúrà ti ọsibítù dé, ó dìde jẹ́rìí pé àdúrà Bàbá ló jí òun dìde, pé òun kò tún ní fabẹ́rẹ́ kan ara òun mọ́ láé. Ariwo sọ. Bọ́ládé rí i tí ọkọ rẹ̀ pa Bíbélì dé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń jẹun, ọmọ wọn Moṣọpẹ́, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan, fẹ́ dá bàbá rẹ̀ lára yá.

"Daddy, ẹ gbọ́ ìbéèrè tí mo fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ọba ilẹ̀ yìí kan wà láyé àtijọ́, Kánúùtì, tó jókòó sétí òkun tó ní kí omi má bọ̀ mọ́. Ṣé òmùgọ̀ ni?"

"Kí ni ì bá tún jẹ́?" Bọ́ládé dáhùn.

"Bí gbogbo ènìyàn ṣe ń sọ nìyẹn, Mummy. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ láyé ọjọ́un, àwọn ìjòyè rẹ̀ ló ń pọ́n ọn kọjá ààlà. Ló bá ní kí wọ́n gbé àga òun lọ sétí òkun. Ó pàṣẹ fún omi, omi kò gbọ́, ó rin ín lẹ́sẹ̀. Ó wá kọjú sí wọn, ó ní kí gbogbo ayé mọ̀ pé òfo ni agbára ọba."

"Ṣé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó ti ń lọ sí ẹgbẹ̀rún ọdún."

Sámúẹ́lì gbé ṣíbí sílẹ̀. "Àwọn ìjòyè náà ńkọ́? Ṣé wọ́n gbà?"

Moṣọpẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìtàn kò sọ ìyẹn, Daddy."

Nínú ìsìn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Bọ́ládé ti wá gbọ́ ọ bí ará ìta: pé ní ọ̀sán Sátidé, kí gbogbo ìjọ pàdé Bàbá létí Témùsì, níbi tí odò Roding ti ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìtàn Kánúùtì ló wà lọ́kàn ọkọ òun. Kò dúró kí wọ́n bọ́ sùtánà tán kó tó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Moṣọpẹ́, ẹ kò mọ odò yẹn, bí omi òkun ṣe máa ń gùn ún wá lójoojúmọ́. Ẹ kò mọ̀wẹ̀."

"Ẹsẹ̀ mi nìkan ni omi máa kàn. Tó bá ti kàn án, màá dìde."

"Ẹ kàn fẹnu sọ ọ́ fún wọn."

"Mo ti fẹnu sọ ọ́ títí, Ìyá Moṣọpẹ́. Ẹnì kan máa kú sí mi lọ́rùn."

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ńṣe ni àwo ń já bọ́ lọ́wọ́ Bọ́ládé, tí oúnjẹ ń jóná lórí iná.

Nígbà tí Sátidé dé, ojú ọ̀run ṣú, atẹ́gùn sì ń fẹ́ gidi. Èrò tó wá pọ̀ ju èyí tí Bọ́ládé rò lọ. Wọ́n tò sórí ògiri odò, funfun báláú, pẹ̀lú àmùrè aláwọ̀ búlúù nídìí. Sámúẹ́lì gbé àga oníke kan sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó tẹ ẹrẹ̀ lọ díẹ̀, ó sì jókòó, ó kọjú sómi.

"Odò Témùsì," ó ké, "mo pàṣẹ fún ọ, má bọ̀ mọ́!"

Omi ń bọ̀. Kò yára, kò sì dúró. Ó bo àwọn òkúta, ó yí ìgò kan tó wà nílẹ̀ po, ó sì rin ẹsẹ̀ Sámúẹ́lì. Ó yíjú padà sí wọn.

"Ṣé ẹ rí i? Kò gbọ́ tèmi! Ènìyàn bíi tiyín ni mí!"

Orin ni wọ́n gbé. Sámúẹ́lì mi orí, ó gbìyànjú àtidìde, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mì dé àárín ojúgun. Ó fa ẹsẹ̀ ọ̀tún, ti òsì rì sí i. Àga yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Omi dé orúnkún.

"Ẹrẹ̀ ti mú un!" Bọ́ládé pariwo. "Ẹ fà á jáde!"

Adédèjì, olórí akọrin, di apá rẹ̀ mú. "Mummy, ẹ fara balẹ̀. Ẹ má dí iṣẹ́ Ẹ̀mí lọ́wọ́. Ó ń bọ̀ wá pàṣẹ lẹ́ẹ̀kejì ni."

Orin tún ròkè. Bọ́ládé ń wo omi tó ń gun itan ọkọ rẹ̀, ó ń wo àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ó dà bíi pé òun nìkan ló ń lá àlá burúkú kan. Moṣọpẹ́ ti ń pe panápaná lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ń já. Ìgbà náà ni Sámúẹ́lì ké.

"Bọ́ládé!"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Moṣọpẹ́, kò pe ìyàwó rẹ̀ lórúkọ bẹ́ẹ̀ rí láwùjọ. Bọ́ládé já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Adédèjì, ó já òrùka pupa tí wọ́n fi ń yọ ẹni tó bá jábọ́ sódò kúrò lára ògiri, ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀. Kò tíì rìn jìnnà tí ẹrẹ̀ fi mú òun náà.

Wúrà ló kọ́kọ́ dákẹ́ orin. Ó ti dúró sí iwájú pátápátá, ó ń wo ojú Bàbá.

"Ẹ̀rù ń bà á," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ló bá figbe ta. "Ẹ ò rí i ni? Ẹ̀rù ń ba Bàbá! Ó fẹ́ kú!"

Ó tú àmùrè ìdí rẹ̀, ó so ó mọ́ ti Beatrice. Godswill so tirẹ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tú u, tí wọ́n ń so ó, títí ó fi gùn tó. Àwọn ọkùnrin dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ẹrẹ̀, wọ́n so ó mọ́ òrùka pupa tó wà lọ́wọ́ Bọ́ládé, òun sì jù ú síwájú. Lẹ́ẹ̀kejì ni Sámúẹ́lì rí i mú. Omi ti dé àyà rẹ̀. Wọ́n fà á, ẹrẹ̀ kọ̀. Wọ́n tún fà á, ẹrẹ̀ pọ̀ ọ́ jáde bí ìgbà tí ọmú bá bọ́ lẹ́nu ọmọ. Wọ́n fa Bọ́ládé náà jáde.

Nígbà tí àwọn panápaná dé, orí àtẹ̀gùn ni wọ́n bá Sámúẹ́lì, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, Bọ́ládé dì mọ́ ọn, ó ń gbá a lẹ́yìn, ó ń sunkún, ó ń bú u.

Àwọn kan kò padà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Adédèjì lọ bá wòlíì mìíràn tí wọ́n ní agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti Sámúẹ́lì lọ. Lọ́jọ́ kan nínú bọ́ọ̀sì, Bọ́ládé gbọ́ tí obìnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé wòlíì kan wà ní Barking tó jókòó sínú Témùsì, tí omi dé àyà rẹ̀ tó sì dúró gbọnin, kò kọjá ibẹ̀. Ó délé, ó rò ó fún ọkọ rẹ̀. Sámúẹ́lì gbé orí lé ọwọ́.

Wúrà wá kí wọn ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Bọ́ládé gbé ìrẹsì àti ẹja síwájú rẹ̀. Kó tó fọwọ́ kan ṣíbí, ó mú abẹ́rẹ́ jáde nínú àpò, ó yí ara padà díẹ̀, ó gbé ẹ̀wù sókè, ó sì gún un síkùn.

"Mummy, ẹ̀rù ṣì ń bà mí pé mi ò nígbàgbọ́ tó."

"Ó ń ba èmi náà," Bọ́ládé wí. "Jẹun, kó má tutù."