Orin Mẹ́rìnlá àti Ohùn Kan

"Ẹ kú ilé o, Bàbá. Èmi Jàfárù ni mo ń kí yín láti ìlú Amẹ́ríkà, tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀."

Jàfárù fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lu ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Ohùn ara rẹ̀ ló ń jáde láti inú rédíò mọ́tò rẹ̀, lójú ọ̀nà Route 1 ní Riverdale Park, ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tó jẹ́ pé gìtá ni etí rẹ̀ ń retí. Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Kò sí àkọlé kankan lára rẹ̀. Ó tì í padà. "Ìdílé ọlọ́lá bíi tiyín," ni ohùn náà ń wí, bí ẹni tó ń ka ìròyìn ìjọba.

Inú ẹrù Àǹtí Adérónkẹ́ ló yẹ kí kásẹ́ẹ̀tì yìí wà. Àǹtí ń lọ sí Nàìjíríà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Àwọn àgbà ẹbí Jàfárù ló ti lọ bá bàbá Falilat ní Ọ̀yọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Bàbá kò kọ̀, kò sì gbà. Ó ní, "Ẹ̀yin ni mo mọ̀, mi ò mọ ọmọ yín. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ ná, kí n tó dáhùn." Tẹlifóònù ilé Bàbá sì ti kú láti ọdún tó kọjá, kásẹ́ẹ̀tì ló kù. Ọjọ́ mẹ́ta ni Jàfárù fi ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, tó ń pa á rẹ́, tó ń tún un kọ, kó tó wá kà á sínú kásẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ Yorùbá àdúgbò wọn ló mọ̀ pé ẹni tí a bá fi kásẹ́ẹ̀tì rán sílé, òun ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí Mùtàlíbù ará Hyattsville fi sùn nínú tirẹ̀, wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri Mushin kí ìyá wọn tó gbọ́. Jàfárù bá dá ọgbọ́n. Ó kó kásẹ́ẹ̀tì ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ike àwọn Patuxent Mules, ó sì kó ti àwọn Mules sínú ike tí kò ní àkọlé. Ike àwọn Mules ló wá gbé fún Àǹtí. Ta ni yóò fẹ́ gbọ́ Patuxent Mules?

Òyìnbó mẹ́rin ni àwọn Mules. Orin ará oko òyìnbó ni wọ́n ń kọ, àfi pé wọ́n da gìtá oníná sí i bí ẹni da ata sí ògì. Wọ́n ti tú ká lọ́dún tó kọjá, ni wọ́n bá ṣa orin mẹ́rìnlá tó dùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ wọn jọ sínú kásẹ́ẹ̀tì kan. Jàfárù fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi pé òun ló fi ń wọn ọ̀nà. Láti ilé dé ibi iṣẹ́, orin mẹ́rin àti ààbọ̀.

Ó yà sí ibi tẹlifóònù ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì pe Felix tí wọ́n jọ ń gbé.

"Felix, ta ló fọwọ́ kan kásẹ́ẹ̀tì orí tábìlì?"

"Èmi ni. O ò tiẹ̀ kí mi kú iṣẹ́. Àwọn Mules ń sùn nílé onílé. Mo bá ọ dá olúkúlùkù padà sílé rẹ̀."

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìyẹn ni pé bàbá Falilat..."

"Ìyẹn ni pé ohùn mi ni wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́, orin òyìnbó ni wọn yóò gbọ́."

"Ó kúkú dùn ju ohùn ẹ lọ."

Jàfárù gbé tẹlifóònù sílẹ̀.

Láti ibẹ̀ dé ilé Àǹtí ní Lake Arbor, orin márùn-ún ni. Lọ́jọ́ yìí, kò sí orin, ó wá jẹ́ kí ohùn ara rẹ̀ máa sọ̀rọ̀ lọ. Nígbà tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ náà ti sú u. "Ìdílé ọlọ́lá" wọ inú ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló dárúkọ Falilat.

Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń gbọ́ gìtá. Àwọn Mules ló ń kọrin nínú ilé ìdáná Àǹtí Adérónkẹ́.

"Jàfárù, o káre. Jókòó lé àpótí yìí kí n rí i tì."

Ó jókòó lé e. "Àǹtí, ẹ ti ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì mi."

"Ṣé kí n gbé ohun tí mi ò mọ̀ kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè ni?" Ojú kò tì wọ́n rárá. "Mo gbọ́ ojú kìíní, mo gbọ́ ojú kejì. Mo ní bóyá ìparí ni ọmọ yìí máa tó sọ̀rọ̀. Àbí òyìnbó mẹ́rin lo fi ṣe alárinà?"

Jàfárù ṣàlàyé, ó sì fún wọn ní èyí tó tọ́. Wọ́n tì í sínú rédíò, wọ́n ká ọwọ́ lérí àyà. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ohùn ọlọ́lá náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó ń kérora, ó sì dákẹ́. Nígbà tí Àǹtí ṣí rédíò, okùn kásẹ́ẹ̀tì ti wé mọ́ inú rẹ̀ bí irun tí a kò yà. Wọ́n fà á, ó já, wọ́n sì ṣa ìyókù rẹ̀ kúrò nínú rédíò.

"Rédíò gan-an ò gbà á," ni Àǹtí wí. "Ta tiẹ̀ ni gómìnà tó ń sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ kọ́. Bàbá ní kóun gbọ́ ohùn ọmọ, o lọ ka ìwé fún un. Tún un sọ."

"Inú kí ni? Ẹni tó máa gbé yín lọ sí pápákọ̀ òfuurufú ti fẹ́ẹ̀ dé."

Àǹtí wo kásẹ́ẹ̀tì àwọn Mules. Jàfárù náà wò ó. Ó ti wá òmíràn nínú ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta fún Falilat, kò rí i.

"Orin mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Mẹ́rìnlá, mà."

"Bàbá á fi mẹ́tàlá ṣe é."

Wọ́n fa sẹ́lótéèpù tí wọ́n fi ń di ẹrù, wọ́n gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò méjì tó wà lórí kásẹ́ẹ̀tì náà kí ó lè gba ohùn. Wọ́n dá a padà sí orin kìíní, wọ́n tẹ rédíò, wọ́n sì jáde síta kí wọ́n má baà dí i lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n dúró sí.

"Bàbá, Jàfárù ni," ló bẹ̀rẹ̀. "Mo kọ ọ̀rọ̀ ńlá ńlá sílẹ̀ fún yín, rédíò ti jẹ ẹ́. Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń to páálí. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti pàdé Falilat. Mo ń fi rédíò kékeré gbọ́ orin, ó ní kí ni mò ń gbọ́ tí mo fi ń dá rẹ́rìn-ín, mo bá yọ apá kan ohun tí mo fi sétí fún un. Ó ní àwọn òyìnbó yìí ń sunkún ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ń jó. Láti ọjọ́ náà, Bàbá, bí mo tiẹ̀ dá wà nínú mọ́tò, mi ò dá orin gbọ́ mọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ fún mi. Ẹ ṣeun, sà."

Àǹtí wọlé, wọ́n dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ tán, rédíò ta pó, àwọn Mules sì já wọlé láti àárín orin, gìtá tòun ti ìlù.

Àǹtí na ọwọ́. "Jẹ́ kí n pa ìyókù eléyìí rẹ́, kí Bàbá má baà rò pé o mutí."

"Ẹ fi sílẹ̀, mà," ni Jàfárù wí. "Orin tí mo sọ fún wọn nìyẹn."

Àǹtí ki kásẹ́ẹ̀tì náà sínú báàgì ọwọ́ wọn, kì í ṣe inú ẹrù.

Nígbà tí ọkọ̀ pápákọ̀ gbé wọn lọ, Jàfárù wọ mọ́tò tirẹ̀. Kò sí ohun tí rédíò yóò kọ. Kò yà sí ọ̀nà ilé; Hyattsville, lọ́dọ̀ Falilat, ló kọrí sí. Orin kìíní, èyí tí ohùn rẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀, ló fi ẹnu ara rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má baà gbàgbé rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ ìyókù.