Ta Ló Ṣe Bàbá Wúrà?

“Bàbá Wúrà, ẹja mélòó lẹ jẹ?”

Akínbọ̀dé ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti Òkè-Mẹ̀sí padà sí Nichelino ní Ítálì.

“Ẹyọ kan,” ló wí.

“Ẹyọ kan! Àwa yòókù ńkọ́?” Motúnráyọ̀, ìyàwó rẹ̀, pàtẹ́wọ́. “Ìyá Adélaní bu ẹ̀fọ́ lásán fún wa, ó wá yọ orí ẹja fún ẹ̀yin nìkan. Mo ti rí i!”

Ẹ̀rín Ìyá Adélaní, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ yìí, ti pọ̀ jù láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ibẹ̀. Ilé kan náà ni gbogbo wọn sùn, ẹ̀fọn kan náà ló jẹ wọ́n. Ìyá Adélaní ń bẹ lọ́hùn-ún, koko lara rẹ̀ le. Wúràọlá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń fò kiri pálọ̀. Bó bá ṣe pé ibà ni, ṣé ọmọdé kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ mú? Àgbà tó ti jẹ ibà bí ẹní jẹ ẹ̀wà láti kékeré!

“Mamma, papà scotta!” Wúràọlá ti gbé ọwọ́ lé iwájú orí bàbá rẹ̀ tó gbóná janjan. “Chiama il 112!”

“Pásítọ̀ la máa kọ́kọ́ pè. Ọ̀rọ̀ ayé lèyí.”

Akínbọ̀dé bá lajú, ó wo ìyàwó rẹ̀ tìyanutìyanu. “Capo, mo ti kó páálì yẹn tán o. Ẹ jẹ́ n máa lọ sílé.”

Ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Settimo ló rò pé òun ń bá sọ̀rọ̀. Motúnráyọ̀ gbàgbé pásítọ̀, ó tẹ 112 kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn wá.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà, ìyá àgbà kan tí irun rẹ̀ funfun báláú, gbé èsì ẹ̀jẹ̀ dé. “Akọ ibà ni. Ó sì ti fẹ́ gun orí.”

“Ibà kẹ̀? Àgbàlagbà bíi tiẹ̀? Dókítà, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ gan-an ò ṣàìsàn!”

“Ọdún mélòó ló ti lò níbí?”

“Mọ́kàndínlógún.”

“Ara rẹ̀ ti gbàgbé ibà nìyẹn. Mo ṣiṣẹ́ rí lórí òkè kan ní Etiópíà, níbi tí ẹ̀fọn kì í sábà gùn dé. Lọ́dún tó bá dé ibẹ̀, àtàgbà àtọmọdé ló ń gbé ṣánlẹ̀, torí kò sí ara tó mọ̀ ọ́n rí. Kí lẹ fún ọmọ yín tí kò fi mú un?”

“Oògùn ìdènà ibà ni. A rà á ká tó lọ.”

“Ta ló wá ní kí bàbá má lò ó?”

Motúnráyọ̀ fúnra rẹ̀ ló dá páálì ti àgbà padà ní farmacia, níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn, tó ní, “Ọmọ onílé ni wá jàre, ọmọ tí wọ́n bí síbí nìkan ni ẹ̀fọn máa bá jà.” Láti àárọ̀ ló ti ń wá ọ̀daràn dé Òkè-Mẹ̀sí, ọ̀daràn wà nínú bàtà tirẹ̀.

“Èmi ni,” ló wí.

Dókítà ò bá a wí. “Oògùn ti ń wọ ara rẹ̀. Bó bá fi máa di ọ̀la, a ó mọ ibi tó kọjú sí. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ lò ó?”

Motúnráyọ̀ fẹ́ sọ pé ara òun le. Àmọ́ Wúràọlá rọ̀ mọ́ ọn, ó ń wò ó lójú. Òótọ́ sì ni pé láti àná ni gbogbo egungun rẹ̀ ti ń ro ó.

Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó na ọwọ́ sí dókítà.