Àwọn Ọmọ Ẹṣin Marcelline

Firmin Pruvost fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún Marcelline Wadoux nílé pé òun fẹ́ ti ìsọ̀ òun pa. Ẹran ẹṣin nìkan ni Firmin ń tà ní ìlú wọn lẹ́bàá Boulogne nílẹ̀ Faransé, bí bàbá rẹ̀ ti ṣe tà á kó tó kàn án. Ó jókòó, ó mu kọfí díẹ̀, ó ní àwọn arúgbó tó ń ra ẹran lọ́wọ́ òun ti ń kú tán, àwọn ọmọ wọn ò sì fẹ́ gbọ́ ọ sétí pé ẹnikẹ́ni ń jẹ ẹṣin. Ó ní kí Marcelline má bínú.

Marcelline ò bínú, àyà rẹ̀ ló já. Opó ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, abo ẹṣin mẹ́sàn-án ló sì wà nínú pápá rẹ̀, gbogbo wọn funfun, igbáàyà wọn fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Irú wọn ló ń sáré gbé ẹja láti etíkun lọ sí Paris láyé àwọn baba ńlá ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, tí katakata náà tún dé, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà náà, alápatà ló ń bọ́ wọn. Lọ́dọọdún ni Marcelline ń ta àwọn ọmọ fún Firmin, owó ọmọ ló sì fi ń ra oúnjẹ ìyá. Bó ṣe bá a nílé ọkọ nìyẹn, bó sì ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ìlú. Solène Caron, tíṣà tuntun tó ti Lille wá, ló kọ ìwé tó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, pé kí wọ́n fòfin de pípa ẹṣin jẹ. Ó dìde, ó ní ẹṣin mọ ohùn olówó rẹ̀, ó ti bá èèyàn ṣiṣẹ́, ó ti gbé èèyàn lẹ́yìn, kò sì yẹ kéèyàn gbé irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ sórí iná. Àwọn òbí ọmọléèwé pàtẹ́wọ́. Àwọn bàbá àgbà tó wà lẹ́yìn ń kùn pé ṣé màlúù tí tíṣà ń jẹ kò ní ìyá ni. Ọ̀rọ̀ fẹ́ di ariwo, ni olórí ìlú bá ní kí Marcelline náà sọ tirẹ̀.

Marcelline kì í ṣe alásọ̀. Ó dìde tòun ti bàtà òjò lẹ́sẹ̀.

“Tíṣà, òótọ́ lẹ sọ. Wọ́n mọ ohùn mi. Ọmọ mẹ́fà ló wà nílẹ̀ lọ́dún yìí, alápatà ọ̀nà jíjìn kan sì ń bọ̀ wá kó wọn lọ́jọ́ Ẹtì. Èwo lẹ máa mú níbẹ̀?”

Solène jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí iléèwé parí, ó dé sí pápá Marcelline, bàtà rẹ̀ ò tiẹ̀ ṣeé fi rìn nínú ẹrọ̀fọ̀. Abo kékeré kan rìn wá bá a, ó ki orí bọ abẹ́ abíyá rẹ̀. Ọmọ oṣù méje ni, ó sì ti wúwo ju ọkùnrin mẹ́rin lọ. Solène béèrè ohun tó ń jẹ. Marcelline ṣàlàyé koríko àti omi fún un, ó ní wọ́n á máa gé pátákò rẹ̀ ní oṣù kan àtààbọ̀ síra, ó sì lè lo ọdún márùndínlọ́gbọ̀n láyé.

Solène jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀. Marcelline rò pé ibi tó máa gbà sá lọ ló ń wá.

“Mo máa mú èyí,” ni Solène wí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, kò sẹ́ni tó pe Solène, ó wá. Marcelline fi okùn mú àwọn ọmọ márùn-ún tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan dé inú ọkọ̀ alápatà. Èyí tó gbẹ̀yìn kọ̀, kò gun pákó. Marcelline fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ títí ó fi gùn ún. Àwọn ìyá ń yán láti ìsàlẹ̀ pápá. Nígbà tí ọkọ̀ ti lọ tán, Solène ń sunkún.

“Màmá, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?”

“Mi ò mọ̀. Bí mi ò bá ṣe é, àwọn ìyá wọn ló kàn.”

Solène sọ ẹṣin rẹ̀ ní Galette, ó háyà pápá kan lẹ́yìn iléèwé. Kí oṣù kan tó pé, Galette ti já ọgbà, ó ti jẹ gbogbo kábéèjì olórí ìlú. Marcelline lọ bá wọn tún ọgbà ṣe. Nígbà tó yá, gbogbo Ọjọ́rú ló ń lọ síbẹ̀, Solène á sì gbé ọbẹ̀ fún un. Ibi tí wọ́n ti ń jẹun ni wọ́n ti ń jiyàn. Solène ò yí ohùn padà, ó ní òfin ló kù. Marcelline á bi í pé, “Ṣé òfin ló máa gé koríko fún wọn?” Síbẹ̀, ó fi abo mẹ́ta tó ti dàgbà sílẹ̀ láìmú akọ wá bá wọn mọ́, Solène náà sì ń kọ lẹ́tà kiri, ó ń wá ilé fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí.

Lọ́dún kejì, mẹ́rin ni wọ́n bí. Àgbẹ̀ kan mú ọ̀kan tí yóò máa fi ro oko ẹ̀fọ́, ìlú kan mú méjì tí yóò máa fa kẹ̀kẹ́ ìdọ̀tí. Ó ku akọ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́. Dókítà ẹran ní tó bá fi pé ọdún mẹ́ta, ẹsẹ̀ náà ò ní lè gbé e. Solène bẹ̀bẹ̀ títí pé kí wọ́n dá a sí, Marcelline ò gbà. Ọkọ̀ alápatà wá gbé e. Solène sọ fún Marcelline lójú pópó pé ọ̀dájú ni, kò sì fẹsẹ̀ kan ilé rẹ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, Solène sáré dé láìbo orí. Ó ní inú ń run Galette, ó ń yí nílẹ̀, dókítà wà lọ́nà jíjìn. Marcelline ò dúró mú ìborùn.

“Gbé e dìde. Má jẹ́ kó dùbúlẹ̀. Ká máa rìn.”

Ọ̀kan dúró lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì, wọ́n fa Galette yí pápá ká nínú òjò fún wákàtí méjì. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa akọ ẹlẹ́sẹ̀ wíwọ́. Ní ìyípo tí wọn ò tiẹ̀ ka iye rẹ̀ mọ́, Galette dúró, ó gbé ìrù, ó yàgbẹ́ ńlá sílẹ̀.

Marcelline wo ìgbẹ́ náà, ó wo tíṣà tí omi ń ro lórí rẹ̀, ẹ̀rín sì pa á.

“Ìfun rẹ̀ ti ṣí, ó ti bọ́,” ló wí. “Lọ gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá fún un. Kí ìwọ náà pààrọ̀ aṣọ.”

Solène lọ. Marcelline dúró ti Galette, ó gbé ọwọ́ lé inú rẹ̀, ó ń tẹ́tí sí i.