Orin Tó Há Sínú Dísìkì

Nígbà tí Fáníyì, olórí akọrin ní Ìkẹ́rẹ́, kú, orin ìkórè tó ṣe kẹ́yìn wà nínú dísìkì kan ṣoṣo. Kò kọ ọ́ sínú ìwé rárá. Èkìtì ò tíì pẹ́ tó di ìpínlẹ̀ nígbà náà, kọ̀ǹpútà ò sì pọ̀ nílùú. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣèlérí fún ìjọ pé orin náà ni wọn yóò kọ lọ́jọ́ ìkórè. Àmọ́ iná ti jó kíbọ́ọ̀dù tó fi lu orin náà sínú dísìkì, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà nìkan ló sì mọ bó ṣe ń to orin sínú rẹ̀.

Timothy, àkọ́bí wọn, gbé kíbọ́ọ̀dù mìíràn ti Èkó bọ̀. Iyẹn kò lè ka dísìkì náà.

"Màá yọ ètò inú kíbọ́ọ̀dù yìí dànù," ni Timothy wí, "màá fi èyí tí mo kọ fúnra mi sí i. Tipátipá ni yóò kà á."

"Bùọ̀dá mi, orin la ń wá, a ò wá kíbọ́ọ̀dù," ni Wúràọlá, àbúrò rẹ̀, dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe to nǹkan inú dísìkì. Kọ̀ǹpútà mi á lè lù ú."

Ṣé ará Èkó ń gbọ́ràn ni? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Timothy ti ètò rẹ̀ bọ̀ ọ́, kíbọ́ọ̀dù bá yadi, kò dún mọ́ títí dòní.

Ó wá ku Wúràọlá. Ó ti dísìkì bọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, nọ́ńbà ṣù bo ojú ẹ̀rọ náà. Ó gbà pé ibi tí nọ́ńbà ti bẹ̀rẹ̀ ni orin ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ nígbà tó ní kí ẹ̀rọ lù ú, ariwo lásán ló jáde. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Lójú rẹ̀, bàbá òun tún kú lẹ́ẹ̀kejì ni.

Ní àdúrà ìrọ̀lẹ́, ìyá wọn fẹ́ dá orin. Kó tó dá a, ó wá ohùn rẹ̀: "Dò, mi, só, mi, dò." Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ. Fáníyì kì í bẹ̀rẹ̀ orin láì kọ́kọ́ fún akọrin lóhùn báyìí, ìbáà ṣe òun nìkan ló jókòó ti kíbọ́ọ̀dù. Wúràọlá bá dìde fùú.

"Ibo lò ń lọ? A ò tíì ṣàmín nínú ulé yìí."

"Ẹ bá mi ṣe é, Màámi."

Ohùn márùn-ún yẹn ló lọ ń wá: nọ́ńbà tó gòkè lẹ́ẹ̀mejì, tó sì gba ọ̀nà tó gbà gòkè sọ̀ kalẹ̀. Ó rí i! Ibẹ̀ ló ti mọ nọ́ńbà tó jẹ́ ohùn, ó mọ èyí tó jẹ́ gígùn ohùn, gbogbo ìyókù wá ń tú fúnra rẹ̀.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà lu orin náà, Timothy gba báàsì, ìyá wọn gba áàtò. Láàrin ẹsẹ kejì, orin kọsẹ̀, ó padà sẹ́yìn díẹ̀, ó tún ń lọ.

Ìyá wọn bú sẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá Timothy, ẹ tún ti ṣì í."

Wúràọlá ní òun lè yọ àṣìṣe náà kúrò. Ìyá rẹ̀ ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án yóò rí òun. Lọ́jọ́ ìkórè, gbogbo ìjọ dìde, wọ́n kọ ọ́ tàṣìṣetàṣìṣe.