Fi Ọwọ́ Sílẹ̀

Òfin kan ṣoṣo ni Ghislaine Thibodeau, olùkọ́ ijó orí yìnyín, fi lélẹ̀ fún ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Tsolmon lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ so ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Loïc lórí yìnyín pápá ìlú Sherbrooke ní Kánádà.

"Bó bá ṣubú, fi ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀."

Tsolmon mi orí. Òun àti bàbá rẹ̀ kò tíì pẹ́ tí wọ́n ti Mòngólíà dé nígbà náà, gbogbo ohun tí wọ́n bá sì sọ fún un ní èdè Faransé ló ń mi orí sí, títí kan ìgbà tí wọ́n bi í bóyá ebi ń pa á tàbí ó ti yó.

Òfin náà kò ṣòro láti lóye. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni wọ́n jọ ń jó ijó yìí, pẹ̀lú bàtà onírin lẹ́sẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣubú, àwọn adájọ́ á yọ máàkì kan. Bí àwọn méjèèjì bá ṣubú, máàkì méjì lọ nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó ṣì dúró kò gbọdọ̀ bá ẹni tó ń ṣubú lọ. Kó máa jó. Ẹnìkejì á dìde, á sì lé e bá.

Tsolmon kì í ṣubú. Kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ ló ti ń rìn lórí yìnyín. Loïc Charlebois ló ń ṣubú. Ọmọ náà mọ ijó, ó sì wu àwọn adájọ́, ṣùgbọ́n ọdún yẹn ló ń ga bí ìrèké, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì máa ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó ń lọ.

Nínú ìdíje àkọ́kọ́ wọn, ní Drummondville, irin ẹsẹ̀ Loïc kọ́ yìnyín. Ó ṣubú. Tsolmon di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, ó sì bá a lọ. Àwọn méjèèjì fi ìdí gbá ilẹ̀ títí wọ́n fi dé ara ògiri. Àwọn oníjó méjì kan péré ló wà lẹ́yìn wọn nígbà tí èsì jáde, àwọn yẹn sì ti gbàgbé ìdajì ijó wọn.

"Mo ní kó o fi ọwọ́ sílẹ̀!" ni Ghislaine wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màdáámù."

"Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, Màdáámù."

Nígbà ìdíje ti Rimouski, wọ́n ti dára gidigidi. Wọ́n gba ipò kẹrin, wọ́n sì jọ ṣubú. Nígbà tí ọdún fi yí po, wọ́n gba ipò kejì láàárín àwọn ọ̀dọ́ gbogbo Québec. Wọ́n jọ ṣubú níbẹ̀ náà. Máàkì kan tí wọ́n fi ṣòfò yẹn ni ì bá gbé wọn dé ipò kìn-ín-ní.

Àwọn ọmọ tó ń gbá họ́kì, eré orí yìnyín tó máa ń ká èèyàn léyín, tí wọ́n máa ń gba pápá lẹ́yìn wọn, ti fún wọn lórúkọ.

"Ẹ̀yin Alájọṣubú! Ẹ kú ìrìn àjò ìdí o!"

"Ẹ lọ wá eyín yín ná," ni Loïc dá wọn lóhùn. "Ẹni tí ò léyín níwájú kì í bú ẹni tó ń fi ìdí rìn."

Ìdíje àwọn ọ̀dọ́ gbogbo Kánádà ló kù, ní Ottawa. Ẹni tó bá wà nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ níbẹ̀ á lọ sí ti àgbáyé. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú rẹ̀, Huguette, ìyá Loïc, tọ Ghislaine lọ létí pápá. Kò rọra sọ̀rọ̀. Kì í rọra sọ̀rọ̀.

"Ghislaine, obìnrin ò wọ́n nínú iṣẹ́ yìí. Ọkùnrin ló wọ́n. Ọmọbìnrin kan wà ní Laval tó ń wá ẹni tí wọ́n á jọ jó, òun sì mọ bí wọ́n ṣe ń ju ọwọ́ sílẹ̀. Bí wọn ò bá wọ mẹ́ta àkọ́kọ́ l'Ottawa, ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ló ń bọ̀."

"Tsolmon dáa ju ọmọ yẹn lọ, Huguette."

"Mi ò sọ pé kò dáa. Mo ní kò gbọ́ràn."

Loïc wà lórí àga lẹ́yìn wọn, ó ń tú okùn bàtà. Tsolmon wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Faransé rẹ̀ ti wá tó láti gbọ́ ohun tí kò fẹ́ gbọ́.

Ghislaine pa ijó tì, ó ń kọ́ wọn ní ìṣubú. Loïc á mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú, Tsolmon á sì fi ọwọ́ sílẹ̀. Ti Loïc yọrí láìsí wàhálà. Ó ṣubú láti òwúrọ̀ títí di ìgbà oúnjẹ ọ̀sán, ó ṣubú sí ọ̀tún, ó ṣubú sí òsì, Tsolmon sì sìn ín lọ síbi gbogbo tó ṣubú sí.

"Ọmọ Mòngólíà," ni Loïc wí láti ilẹ̀, "ṣé o fẹ́ fa apá mi lọ sílé ni?"

"Ìwọ ló ń ṣubú."

"Wọ́n ní kí n ṣubú!"

Ghislaine ránṣẹ́ pe bàbá Tsolmon. Ní Sherbrooke, ẹran ni Ganzorig ń gé ní ilé iṣẹ́ kan lẹ́yìn ìlú. Ní Mòngólíà, awakọ̀ akẹ́rù ni. Adágún ńlá kan wà níbẹ̀ tó máa ń dì nígbà òtútù, orí rẹ̀ ló sì ń gbà kọjá. Ó dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Bàbá Tsolmon, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́ ọmọ yìí pé kó má fi ọwọ́ sílẹ̀?"

"Èmi ni."

"Nítorí kí ni?"

"Yìnyín a máa já, Màdáámù. Ẹni tó bá já sínú omi, ẹni tó dì í lọ́wọ́ mú nìkan ló ní. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ju ọwọ́ ẹnìkejì sílẹ̀ lórí yìnyín lè padà sílé o, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa bu tíì fún un."

"Kò sí omi lábẹ́ tiwa."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Sìmẹ́ǹtì."

"Báwo ni yìnyín náà ṣe nípọn tó?"

Ghislaine to ìka méjì lé ara wọn. Ganzorig wo ìka náà, ó wo yìnyín, ó kúnlẹ̀, ó kàn án bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àlejò, ó sì tẹ́tí sílẹ̀.

"Sìmẹ́ǹtì ni lóòótọ́," ló wí. Ó dìde, ó sì kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Tsolmon, fi ọwọ́ sílẹ̀. Sìmẹ́ǹtì kì í gbé èèyàn mì."

"Mo ti gbọ́, Baba."

Loïc ṣubú lójú wọn níbẹ̀. Tsolmon bá a lọ.

"Orí ti gbọ́," ni Ganzorig wí. "Ọwọ́ ni ò tíì gbọ́." Ó padà síbi iṣẹ́.

Ní Ottawa, wọ́n jó ijó àkọ́kọ́ láìsí àléébù, wọ́n sì wà ní ipò kẹta. Ijó kejì ló kù. Ghislaine kò sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ mọ́. Ó tún kọ́là Loïc ṣe, ó sì ní kí wọ́n lọ.

Wọ́n jó dáadáa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọ́n ń yí bọ̀ níwájú àwọn adájọ́, ni irin ẹsẹ̀ Loïc kọ́ yìnyín. Ọwọ́ Tsolmon le mọ́ tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀, ó ti ń bá a lọ. Loïc wo ọwọ́ náà. Ó la ìka rẹ̀, ó gbọn ọwọ́ Tsolmon dànù bí ẹni tó gbá iná mú, ó sì dá ṣubú.

Orin ń lọ. Tsolmon ṣì wà lórí ìdúró. Ó jó lọ pẹ̀lú apá tó nà sí ẹni tí kò sí níbẹ̀, títí Loïc fi sáré dé, tó sì tún fi ọwọ́ rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Máàkì kan ló lọ. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n ṣì wà ní ipò kẹta. Bí ó bá jẹ́ méjì ló lọ ni, wọn ì bá ti jáde nínú mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ghislaine dì mọ́ wọn lórí àga. Lókè, láàárín àwọn òǹwòran, Huguette ń fi ọwọ́ kan nu ojú, ó ń fi èkejì tẹ Laval láago pé kí ọmọ náà má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Tsolmon ń wo iwájú.

"O fi ọwọ́ mi sílẹ̀," ló wí.

"A ti wọlé!" ni Loïc wí. "Ṣé o ò rí i ni? A wọlé!"

"O fi ọwọ́ mi sílẹ̀ lórí yìnyín."

"Ìwọ ò fẹ́ fi í sílẹ̀. Bí èmi náà ò bá fi í sílẹ̀, ọmọ Laval ni màá máa bá jó lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ṣé bó o ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn?"

Tsolmon rò ó.

"Rárá."

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Má ṣubú."

"Ó dáa," ni Loïc wí. "Màá gbìyànjú."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n bọ́ sórí yìnyín Sherbrooke. Loïc na ọwọ́. Tsolmon kò gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ló gbá mú, ó sì fi gbogbo ìka rẹ̀ dè é. Loïc gbìyànjú láti fà á yọ. Kò yọ.

"Màdáámù," ló ké, "ẹ wò ó o!"

Ghislaine wò ó. Wọn kì í di ara wọn mú bẹ́ẹ̀ nínú ijó yìí. Ó lọ tan orin.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀," ló wí.